Ìdí Àpótí Géèmù Pac-Man tí Omi Wọ̀: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Kan ní Chicago

Òjò tí ó rọ̀ ní Chicago ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2023 kò mọ síta nìkan. Ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ní yàrá abẹ́ ilé, ihò ìdọ̀tí ni omi gbà wọlé, nítorí pé páìpù kan náà ni ó ń gbé omi òjò àti omi ìgbọ̀nsẹ̀ ní ìlú yìí. Bí òjò bá ti pọ̀ ju èyí tí páìpù lè gbé lọ, omi á yí padà, á sì máa ru jáde láti ilẹ̀ yàrá. Ilé ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà wà lára àwọn ilé tí ó fara gbá a. Omi tí ó wọ ọ̀dọ̀ wọn ga tó ínǹṣì 4, ó sì wà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ kan àti ààbọ̀ kí wọ́n tó rí pọ́ǹpù yá láti fà á jáde. Kápẹ́ẹ̀tì bàjẹ́, àwọn páálí ìwé bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n pè mí sí ni àpótí géèmù Pac-Man tí ó dúró sí igun yàrá náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi ní gbogbo àkókò yẹn.

Ọdún 1983 ni ẹ̀gbọ́n náà dé Chicago láti wá kàwé. Ilé ìfọṣọ tí ó wà ní òpópónà wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ náà, wọ́n sì sọ fún mi pé bí aṣọ bá ti ń yí nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, kọ́ìnì sẹ́ǹtì 25 tí ó bá ṣẹ́ kù lápò àwọn, inú Pac-Man ni ó ń bá lọ. Nígbà tí ilé ìfọṣọ náà kógbá wọlé, wọ́n ra ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Géèmù náà fúnra rẹ̀, ará Japan ni: ilé-iṣẹ́ Namco ni ó gbé e jáde ní ọdún 1980, Toru Iwatani ni ó sì ṣe aṣáájú àwọn tí ó ronú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Midway ni ó gba àṣẹ láti máa ṣe é fún ọjà Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Midway sì wà ní Franklin Park nígbà náà, ìlú kékeré kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú O'Hare. Ọmọ bíbí àdúgbò ni àpótí náà, kò tíì rìn jìnnà sí ibi tí wọ́n ti kàn án rí. Mo sọ èyí nítorí pé ó wà lára ìdí tí n kò fi gbà láti gbé e dànù.

Ìgbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù, ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ki wáyà rẹ̀ bọ iná o." Wọ́n ní, "Àbúrò, mo kàn fẹ́ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé orí pákó ìdí gan-an ni tiransifọ́mà ẹ̀rọ yìí jókòó sí, ibi tí omi sì ti kọ́kọ́ dé náà nìyẹn.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́ ní Ìbàdàn, iná kì í ṣe iṣẹ́ mi. Inú ẹ̀rọ yìí, tẹlifíṣọ̀n onígíláàsì ti àtijọ́, oní-ínǹṣì 19, ni ó wà, gíláàsì irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ a sì máa fi iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì pamọ́ sínú lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Ẹni tí yóò bá yọ ọ́ gbọ́dọ̀ so wáyà mọ́ irin pẹlẹbẹ kan, kí ó so ìdí wáyà náà mọ́ férémù tẹlifíṣọ̀n, kí ó wá rọra ki irin náà bọ abẹ́ rọ́bà tí ó bo ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, kí iná náà lè ráyè kú. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń tún ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ṣe ni ó wá ṣe é, òun náà ni ó yọ tiransifọ́mà àti gbogbo wáyà. Lẹ́yìn náà ni àwa mẹ́ta gbé àpótí òfìfo náà jáde lọ sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a sì tẹ́ ẹ sẹ́yìn lórí búláńkẹ́ẹ̀tì méjì.

Pákó tí wọ́n fi ṣe àpótí yìí kì í ṣe igi gidi, kì í sì í ṣe puláíwúùdù. Èérún igi tí wọ́n fi gúlù pò, tí wọ́n sì fi ooru àti ìtẹ̀ líle mú le, ni. Níbi tí omi kò dé, pákó ẹ̀gbẹ́ nípọn ní ínǹṣì 0.75. Ní ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òsì, kálípà mi, irin tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, ka ínǹṣì 1.08, ní ti ọ̀tún, ó ka 0.91. Ọ̀dà òféèfèé tí ó bo ẹ̀gbẹ́ ti là bí ẹrẹ̀ tí oòrùn pa, rọ́bà etí pákó sì ti ta kúrò nínú ihò rẹ̀. Mo fi ìka kan ibi tí ó burú jù, ní igun iwájú ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó rọ̀, ó ń ṣí ní ipele-ipele bí ìwé tí a rẹ sómi, èérún igi ń bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì ń rùn bí àpò tí a ká sórí ilẹ̀ tútù. Nínú, ní abẹ́ ibi tí tiransifọ́mà jókòó sí, pákó ìdí ti bu, ó funfun bí òwú.

Lẹ́yìn náà ni mo fi oríkèé ìka kan gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Níbi tí pákó bá ti dára, ó ń dún kó-kó. Níbi tí omi bá ti jẹ ẹ́, ohùn náà á kú, á di bù-bù. Gbogbo ibi tí ohùn ti yí padà ni mo fi pẹ́ńsù sàmì sí, mo sì fi ìlà so àwọn àmì náà pọ̀. Ìlà náà kò tọ́. Ní iwájú, ó gòkè dé ínǹṣì 5, bẹ́ẹ̀ omi tí ó wà nílẹ̀ kò ju 4 lọ. Ní ẹ̀yìn, 3 àti ààbọ̀ ni. Pákó èérún igi a máa fa omi sókè láti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, nítorí náà ẹni tí ó bá gé e ní ibi tí àbàwọ́n omi dúró sí yóò fi ibi tí ó ti bàjẹ́ sílẹ̀ láìmọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí pákó yìí yẹ kí ó yé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mu gààrí rí. Bí a bá bu omi sí gààrí, á wú, á kún ife. Bí a bá wá dà á sórí àtẹ, tí a sá a sí oòrùn títí ó fi gbẹ, ohun tí a ó bá níbẹ̀ kì í ṣe gààrí tí a rà lọ́jà mọ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe pákó èérún, ìtẹ̀ ni ó mú èérún igi náà kéré, gúlù ni ó sì di í mú kí ó má lè nà padà. Omi á wọlé, á sọ gúlù di ọ̀lẹ, èérún igi á nà, á já kúrò lára ara wọn. Bí omi bá gbẹ, ọ̀rinrin nìkan ni ó lọ. Ìdìmọ́ra tí ó ti já kò ní padà wá. Igi gidi bí ìrókò kò rí bẹ́ẹ̀: bí ó bá gbẹ, á sún padà, bí ó tilẹ̀ lè wọ́ díẹ̀.

Kí á tó gé ohunkóhun, a ní láti fọ̀ ọ́, kí ó sì gbẹ. Omi ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú omi tí ó wọ ilé náà, nítorí náà ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú tí ń gba eruku dúró kò kúrò lára mi. Oògùn apakòkòrò ni mo fi nu gbogbo inú àpótí náà pẹ̀lú aṣọ tí mo fún dáadáa, n kò da omi lé e lórí. Mo yọ pákó ìdí pátápátá, mo sì gbé e jùnù láìronú lẹ́ẹ̀mejì, torí kò sí ohun tí a lè rí gbà lára rẹ̀. Fáànù méjì àti ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni mo tàn sí ìyókù, n kò sì gbé e sí oòrùn, kí ọ̀dà òkè má baà là. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ọ̀rinrin ka ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìsàlẹ̀, ó sì ka 9 ní òkè. Igi gidi ni wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún, nítorí náà n kò gba iye náà bí ẹní gba ẹ̀rí. Ohun tí mo ń wò ni bí ìsàlẹ̀ ṣe ń sún mọ́ òkè. Ọjọ́ kẹtàlélógún ni àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Mo gbìyànjú láti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún là láìgé e, torí pé ó wú níwọ̀nba. Mo fi abẹ́rẹ́ fa epoxy (gúlù oníkẹ́míkà méjì tí a máa ń pò pọ̀ kí ó tó le) tí ó ṣàn bí omi sínú àwọn ìlà tí ó ti ya, mo fi bébà tí gúlù kì í lẹ̀ mọ́ bò ó, mo gbé irin pẹlẹbẹ sí iwájú àti ẹ̀yìn, mo sì fi kíráǹpù mẹ́fà tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọjọ́ kẹrin ni mo tú u. Kálípà ka 0.82, inú mi sì dùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó ti padà di 0.88. Mo wá fi skúrù kan dán an wò ní ibi tí ẹsẹ̀ irin yóò ti jókòó: skúrù náà ń yí, ó ń yí, kò di nǹkan kan mú. Epoxy ti mú kí ojú pákó le, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ṣì jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, àpótí tí ó wúwo tó báyìí kò sì lè dúró lórí lẹ́búlẹ́bú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń gba ọ̀nà yìí, wọ́n á tún fi pọ́tì tí àwọn páńẹ́ẹ̀lì-bítà ń lò sára mọ́tò bò ó, wọ́n á yún un, wọ́n á kùn ún. Fún igun kékeré tí ó ṣán, pọ́tì náà dára, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n fún ìdí tí ó wú, ẹ̀wù lásán ni ó jẹ́ lára egungun tí ó ṣẹ́.

Gígé ni ó kù, ibi tí èrò mi àti ti àwọn ẹlòmíràn sì ti yà nìyí. Ọ̀nà tí ó yá jù ni kí a fi MDF tuntun (pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi kíkúnná àti gúlù tẹ̀) gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì látòkè délẹ̀, kí a wá lẹ àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí ọ̀rá mọ́ ọn. Àpótí á dán, á mọ́ gbọnrin. Àmọ́ àwòrán Pac-Man tí ó wà lára àpótí yìí, ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní Franklin Park, a sì lè fi ìka mọ ibi tí àwọ̀ kan ti gun orí èkejì. Ọ̀pá sìgá àwọn tí ń dúró de aṣọ wọn ti jó etí rẹ̀ níbi méjì. Bí mo bá gbé e jùnù nítorí ínǹṣì márùn-ún ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ tuntun ni mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n, tiwọn ni mo bàjẹ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí mo bá gba ọ̀nà tèmi, ojú oríkèé yóò hàn díẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ ibi tí yóò wò. Wọ́n ní, "Kí ó hàn. Èmi náà ti dàgbà, tèmi ń hàn."

Ínǹṣì 6 ni mo fà ìlà sí, ínǹṣì kan lókè ibi tí ohùn ti yí padà, láàárín òféèfèé lásán, kí ayùn má baà kan àwòrán. Mo lẹ téèpù mọ́ ìlà náà, mo fi ọ̀bẹ mímú la ọ̀dà tẹ́lẹ̀ kí ó má baà ya sókè, mo de igi títọ́ kan mọ́ ọn láti darí ayùn, mo sì gé e láti ìta. Lẹ́yìn náà, láti inú, mo fi ẹ̀rọ ráútà jẹ ìdajì nínípọn pákó àtijọ́ náà kúrò títí dé ínǹṣì kan àti ààbọ̀ sókè, mo sì ṣe bákan náà, ní òdìkejì, sí òkè pákó tuntun, kí ọ̀kan lè gun orí èkejì bí ọwọ́ méjì tí ó gbá ara wọn mú. Bí mo bá kàn fi etí ko etí, gúlù nìkan ni yóò máa gbé gbogbo ẹrù náà. Nípa gígun orí ara wọn, ojú ìlẹ̀pọ̀ fẹ̀, ìlà kan ṣoṣo tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó sì hàn níta.

Puláíwúùdù igi birch ni mo yàn fún pákó tuntun. MDF rọrùn láti kùn, ṣùgbọ́n òun náà a máa mu omi, ibi tí omi ti lè padà wá ni mo sì ń tún ṣe. Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń gba ènìyàn lójijì: mìlímítà 18 ni wọ́n ń ṣe puláíwúùdù náà, ìyẹn nǹkan bí ínǹṣì 0.71, nígbà tí pákó àtijọ́ jẹ́ 0.75. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ náà nígbà tí a bá kó wọn jọ sílẹ̀, àmọ́ bí a bá lẹ̀ wọ́n pọ̀, ọ̀dà dídán á fi hàn bí àkàbà. Mo jẹ́ kí inú wọn dọ́gba, mo fi gbogbo ìyàtọ̀ náà sí ìta, mo sì fi epoxy tí mo fi ìyẹ̀fun mú ki dí i, ní ìpele méjì, títí tí igi títọ́ tí mo gbé lé e kò fi mì mọ́. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí rọ́bà etí ń wọ̀ ni mo ti là sí etí pákó tuntun kí n tó lẹ̀ ẹ́, mo sì wọn ààrin rẹ̀ láti inú wá, kì í ṣe láti ìta, kí ó lè bá ti òkè mu.

Gọ́ọ̀mù funfun tí gbogbo káfíńtà ń lò kò yẹ fún oríkèé yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù. Omi wà nínú rẹ̀, ojú pákó èérún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé a sì máa mu omi náà, á wú lábẹ́ kíráǹpù. Epoxy ni mo lò. Mo kọ́kọ́ fi èyí tí ó ṣàn kùn ún kí ó mu ún yó, mo dúró tó wákàtí kan, mo wá fi èyí tí ó ki lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo sì fi kíráǹpù dì í fún wákàtí 24. Etí ìsàlẹ̀ puláíwúùdù náà, tí yóò kọjú sí ilẹ̀, gba epoxy lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ náà ni inú gbogbo ihò skúrù, torí ibẹ̀ ni omi ń wá nígbà gbogbo.

Ní ti ọ̀dà, òféèfèé méjì ni ó wà lára ẹ̀rọ kan náà. Èyí tí férémù ilẹ̀kùn kọ́ìnì bò mọ́lẹ̀ ṣì tàn bí ọjọ́ tí wọ́n kùn ún. Èyí tí ó wà níta ti mu èéfín sìgá àti ìmọ́lẹ̀ fún ogójì ọdún, ó ti sún mọ́ àwọ̀ epo tí ó ti pẹ́ nínú ìgò. Ilé ìtajà ọ̀dà ní ẹ̀rọ tí ń ka àwọ̀, mo sì ní kí wọ́n ka ti ìta fún mi láti ara ẹ̀là kan tí mo gé kúrò, lẹ́yìn tí mo ti fọ̀ ọ́. Bí mo bá lo èyí tí ó tàn, mo máa ní láti kun òkè náà pẹ̀lú. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi shellac (oje tí kòkòrò kan ń mú jáde) ṣe ni ó kọ́kọ́ wọ ara pákó, nítorí pé kì í jẹ́ kí àbàwọ́n inú igi yọ sórí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òféèfèé olóróró lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ń fi sáńdípépà 320 nù ún fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìkùn kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó kẹ́yìn dán jù, ó ń kọ mọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà àtijọ́, nítorí náà mo fi sáńdípépà olómi tí ó kúnná gan-an pa dídán rẹ̀ títí tí ó fi bá ti òkè rẹ́.

Ìyókù yá. Pákó ìdí tuntun jẹ́ puláíwúùdù tí epoxy bò níbi gbogbo. Nínú ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, mẹ́ta tú lẹ́yìn tí mo rẹ wọ́n sínú òróró; ẹ̀kẹrin ti dípẹtà mọ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀, mo sì ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní tuntun kí wọ́n lè ga dọ́gba. Ooru ẹ̀rọ ìgbẹrun ni mo fi rọ rọ́bà etí tuntun kí ó lè ká igun. Ọ̀rẹ́ mi fi tiransifọ́mà mìíràn rọ́pò èyí tí omi mu, ó yẹ gbogbo wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dá tẹlifíṣọ̀n padà sí ipò rẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kẹwàá ni a dá a padà. Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n pe àwọn páńbà láti fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi yí padà sí páìpù ìdọ̀tí ilé wọn, n kò sì gbà kí a gbé ẹ̀rọ náà wọlé títí mo fi rí i lójú ara mi. Lábẹ́ ẹsẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan, mo gbé rọ́bà líle kan tí ó ga ní ínǹṣì 2. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo padà lọ wọ̀n ọ́n. Oríkèé méjèèjì kò là, kálípà ka iye kan náà lókè àti nísàlẹ̀, ibi tí mo sì kàn ní ẹ̀gbẹ́ òsì ń dún kó-kó. Bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ìlà kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ń hàn ní ínǹṣì 6 sílẹ̀.

Nínú àpótí náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí tiransifọ́mà wà, mo ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ara pákó tuntun, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì: "Omi wọ̀ ọ́ ní oṣù Keje 2023. Ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ínǹṣì 6, àti pákó ìdí jẹ́ tuntun. Epoxy ni a fi lẹ̀ wọ́n. Gbogbo ohun tí ó kù lókè jẹ́ ti Franklin Park."